Ọ̀rọ̀ Méjìlá Inú Orí Ìyá Àrìnpé

Gbádé tún tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, lẹ́tà ojú ẹ̀rọ kékeré náà sì yí padà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju ìka ọwọ́ méjì lọ, bọ́tìnnì méjì péré ló sì ní, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán. Àtàǹpàkò ń ro ó, ṣùgbọ́n kò sinmi.

"Ó ku mélòó?" Ọmọ́yẹni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ku ṣíbí nìkan."

Ó kọ ṣíbí tán, ó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pa pọ̀. Ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn, ó tún mọ́lẹ̀, ó sì kọ ohun tó ti kọ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú: àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà.

Gbádé rọra gbé e sórí tábìlì. Ìyá wọn, tí àdúgbò ń fi oríkì Ọmọ́yẹni pè ní Ìyá Àrìnpé, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó ti rí ojú rẹ̀.

Níta, Taofeek awakọ̀ tẹ họ́ọ̀nù. Òun ni Ọmọ́yẹni háyà láti Ìlọrin, pé kó wá gbé òun àti ìyá òun. Báàgì ìyá náà ti wà ní fàráńdà, wọ́n ti fi okùn di ẹnu rẹ̀ nítorí pé síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́.

Yàrá ìkẹ́rùsí ni yàrá tí wọ́n wà yìí tẹ́lẹ̀, ní ẹ̀yìn ilé, ní apá ibi tí èèyàn ti lè gbọ́ ìró rélùwéè ní Ọ̀fà. Gbádé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlémọ̀nà, ló kó àgbá àti agbọ̀n inú rẹ̀ dànù, tó gbé ẹ̀rọ méjì síbẹ̀. Àlòkù ni ẹ̀rọ méjèèjì. Ariwo fáànù wọn dà bí ti ẹ̀rọ ìlọta. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe láìdákẹ́, àwọn àti ọ̀kẹ́ àìmọye irú wọn káàkiri ayé, ìṣirò náà ló sì ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ owó orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní bítíkọ́ìnì, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i. Ẹ̀rọ tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń gba èérún bítíkọ́ìnì gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní wíwa bítíkọ́ìnì.

Agbára oòrùn ni Gbádé fi ń wa tirẹ̀. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ó pa á nìyẹn. Kò jẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ wa èérún, nítorí pé owó epo á ju ohun tí ẹ̀rọ rí lọ, ẹni tó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ kàn ń fi owó ṣeré ni. Ooru tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ náà kò tún ṣòfò. Ìyá Àrìnpé a máa rẹ́ ilá sínú àwo ńlá, a gbé e síwájú afẹ́fẹ́ gbígbóná náà, ilẹ̀ kì í ṣú kó tó gbẹ. Bó ṣe ń mú ata gbẹ níbẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò tí wọn ò mọ ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún a máa pè é ní ẹ̀rọ amúlágbẹ Gbádé.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, òjò rọ̀, àrá sán nítòsí. Iná rẹ̀ gba orí òrùlé wọlé. Ó pa ínfátà tó ń sọ agbára oòrùn di iná, ó pa láptọ́ọ̀pù, ó sì pa wọ́lẹ́ẹ̀tì tí Gbádé fi wáyà so mọ́ láptọ́ọ̀pù náà tí kò sì yọ. Wọ́lẹ́ẹ̀tì yìí ni ẹ̀rọ kékeré tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ bítíkọ́ìnì rẹ̀. Owó náà fúnra rẹ̀ kò jóná, nítorí kì í gbé inú ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni, inú àkọsílẹ̀ ayé ló wà. Ṣùgbọ́n láìsí kọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Kò sí báńkì tí èèyàn máa lọ bẹ̀. Kò sí máníjà tí wọ́n máa kọ̀wé sí. Ọ̀rọ̀ méjìlá péré, tí wọ́lẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ yàn, ló lè tún kọ́kọ́rọ́ náà rọ nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun, èyí tí Gbádé ń tẹ̀ látàárọ̀. Ọ̀rọ̀ méjìlá náà kò sí níbì kan láyé àfi inú orí Ìyá Àrìnpé.

Gbádé kì í ṣe aláìbìkítà. Bébà ló kọ́kọ́ kọ wọ́n sí, ó fi bébà náà sísàlẹ̀ àpótí aṣọ, ikán sì wọ inú àpótí náà, ó jẹ bébà, ó jẹ ẹ̀wù àwọ̀lékè méjì mọ́ ọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó ní kí wọ́lẹ́ẹ̀tì náà yan ọ̀rọ̀ tuntun fún òun, tó sì gbé wọn lọ bá ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá náà fi darí orin àwọn obìnrin ní ìjọ Áńgílíkà wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, etí ló fi ń kọ́ wọn, láti ẹsẹ kìíní dé ẹsẹ ìkẹyìn. Gbádé túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjìlá náà láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ó kà wọ́n fún un títí wọ́n fi wọ̀ ọ́ lórí. Lẹ́yìn náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣí kúrò lórí tirẹ̀. Ó ń rin ọ̀nà Ìlémọ̀nà lójoojúmọ́, ó sì mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń fi ojú èèyàn rí. Ohun tí kò mọ̀, kò lè jẹ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí oṣù kan kọjá, ìyá rẹ̀ ti sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà di orin. Gbádé ní kó kọ ọ́, ó fi ìka kà wọ́n, wọ́n pé méjìlá, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló mú Ọmọ́yẹni wá sí Ọ̀fà lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni ní Ìlọrin. Ó gbọ́ pé ìyá òun jẹ́ kí ẹ̀wà jóná mọ́ ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ó gbọ́ pé ó pe Olúwatófúnmi, ọmọ òun, ní Olúwabùnmi lórí fóònù, tí kò sì mọ̀ pé òun ṣì í pè. Ó ti ń rí irú èyí níbi iṣẹ́, ó mọ ibi tó ń já sí, kò sì fẹ́ kó dé bá ìyá òun nílé tí kò sí ẹnìkankan lọ́sàn-án. Ó wá mú un lọ ni. Ìyá náà kò bá a jà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló pe àwọn méjèèjì síwájú ara rẹ̀.

"Ọmọ́yẹni, o ní orí mi ti ń jò. Ó dáa. Nǹkan àbúrò rẹ wà lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́ta. Tí mo bá sọ ọ́, tí ẹ̀rọ gbà á, wàá fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi. Tí kò bá gbà á, èmi fúnra mi ni màá gbé báàgì mi sínú mọ́tò. Ẹ ò ní fà mí."

Ẹ̀rọ kò tíì gbà á.

Taofeek tún tẹ họ́ọ̀nù. "Àǹtí nọ́ọ̀sì! Ṣé ká dáná síbí ni? Oòrùn ń jẹ táyà mi!"

"Táyà tí kò ní ẹran lára mọ́, kí ni oòrùn fẹ́ jẹ níbẹ̀?" Ọmọ́yẹni dá a lóhùn láìyí ojú padà. Ó wọ inú yàrá wá. "Gbádé, ṣé kì í ṣe ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ sódì?"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Àǹtí mi. Mo yẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wò kí n tó kúrò lórí ẹ̀."

"Àbí ìwọ lo túmọ̀ ẹ̀ sódì nígbà yẹn. Ilẹ̀kùn, ṣé ilẹ̀kùn inú ni àbí géètì?"

"Àkójọ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọ́lẹ́ẹ̀tì ayé ń lò. Mo yẹ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjìlá náà bá lè di méjì ní Yorùbá, ǹ bá ti ní kí ẹ̀rọ yan méjìlá mìíràn fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó rí èyí tó mọ́ kedere. Ìtumọ̀ kọ́ ló ń yọ wá lẹ́nu."

Ọmọ́yẹni yíjú sí fèrèsé. Tí kì í bá ṣe ọwọ́, tí kì í bá ṣe ìtumọ̀, ibì kan ṣoṣo ló kù tí àṣìṣe ti lè wá, ẹni tó ni ibẹ̀ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń nu etí gèlè rẹ̀ bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀.

"Màmá," Gbádé ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ fún mi."

Ọmọ́yẹni na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀. "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n gbà á sílẹ̀, ká lè máa tún un gbọ́."

"Rárá o!" Gbádé ti dìde. "Àǹtí mi, ẹ gbé e síta."

"Fóònù mi ni o, kì í ṣe ti ẹlòmíràn."

"Àwọn tó ń gbé inú fóònù yín pọ̀ ju àwa tó wà nínú ilé yìí lọ. Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀, mi ò ní kà á sí tèmi mọ́."

"Ẹ wo ẹni tó gbé ìyà lé ìyá rẹ̀ lórí, tó ń bẹ̀rù fóònù," Ọmọ́yẹni ní, ṣùgbọ́n ó lọ gbé e sínú mọ́tò, ó sì padà wá.

Ìyá Àrìnpé gbé orí sókè. Ohùn rẹ̀ ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe níwájú àwọn akọrin rẹ̀:

"Ilẹ̀kùn, iyọ̀, ewúrẹ́,
odò àti àgbàlagbà,
àlùbọ́sà, ọjà, ìgbálẹ̀,
ọmọ-ọwọ́ àti fèrèsé,
ejò, ṣíbí, ó parí o."

Orin náà dùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, yóò fẹ́ gbè é. Gbádé kò gbè é. Ó wo ojú ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì, ó wo ilẹ̀.

"Ohun kan náà tí mo tẹ̀ nìyẹn, Màmá."

Ìyá náà dìde. Ó fa ìró rẹ̀ le, ó gbé àwo ilá tó wà níwájú ẹ̀rọ tó ti kú, ilá tí kò tíì gbẹ tán, tó ti ń yọ òórùn díẹ̀. Ó gbé e lé Gbádé lọ́wọ́.

"Sá èyí sí oòrùn. Má jẹ́ kó bàjẹ́. Èyí tó ti gbẹ wà nínú ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, fún Alhaja Hàlímàt lápá kan, ó ti sanwó."

"Màmá, ẹ jókòó ná."

"Kí n jókòó ṣe kí ni? Mo ti sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta ni o fi fọkàn tán mi, mo sì ti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́." Ó kọjú sí Ọmọ́yẹni. "Màmá rẹ ti dàgbà, o ò parọ́ mọ́ mi. Jẹ́ ká máa lọ kí Taofeek má fi họ́ọ̀nù jí òkú."

Ọmọ́yẹni ti wá láti mú un lọ, ó ti di báàgì, ó ti sanwó mọ́tò. Nísinsìnyí tí ìyá náà fẹ́ tẹ̀lé e, kò lè gbé ẹsẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó dí i.

"Ẹ tún un kọ, Màmá."

"Ìwọ náà? Kí ni o fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ṣáà kọ ọ́."

Ìyá náà kọ ọ́ lórí ìdúró, láìlu ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kó tètè tán. Ilẹ̀kùn, iyọ̀, ewúrẹ́, odò àti àgbàlagbà. Ọmọ́yẹni ń fi ìka kà á, ó sì ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní kó tún un kọ láti àárín, láti ọjà. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjà, kò kọsẹ̀. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ṣíbí padà sẹ́yìn. Ìyá náà rí i bí ìwọ̀sí, ó fi ìbínú kà á padà: ṣíbí, ejò, fèrèsé, ọmọ-ọwọ́, títí ó fi kan ilẹ̀kùn.

"Gbádé," Ọmọ́yẹni ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "èyí kì í ṣe ìgbàgbé."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tí mò ń tọ́jú, àwọn tí nǹkan ń ṣí kúrò lórí wọn, ohun tí wọ́n bá sọ láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n máa sọ lọ́sàn-án. Tí o bá bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n á fún ẹ ní ìdáhùn mẹ́rin. Èyí tí Màmá ń kọ, ọ̀kan náà ni látàárọ̀. Kò sẹ́ni tí orí rẹ̀ ń jò tó lè kà á padà sẹ́yìn." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Bí Gbádé ṣe kà á fún yín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ yín, ṣé bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ṣe ń kọ ọ́?"

"Rárá o," Ìyá Àrìnpé ní. "Mo tún un ṣe."

Gbádé gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ tún kí ni ṣe, Màmá?" Gbádé béèrè.

"Ibi tó wọ́. Àbí o fẹ́ kí n máa kọ ọ́ ní wíwọ́? O fi ọmọ-ọwọ́ síwájú, o wá lọ fi àgbàlagbà sẹ́yìn ìgbálẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbálẹ̀, Gbádé! Mo ní, ta ló kọ́ ọmọ yìí? Èmi tí mo bí i kọ́. Nígbà tí a bá ń kí èèyàn nínú ilé, ta ni a ń kọ́kọ́ kí? Mo gbé àgbàlagbà síbi tó yẹ ẹ́, mo gbé ọmọ-ọwọ́ sẹ́yìn. Méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Mi ò yọ nǹkankan."

"Ẹ ò sọ fún mi!"

"Kí n máa sọ fún ẹ pé o ò ní ẹ̀kọ́? Mo bò ẹ́ láṣìírí ni."

Ọmọ́yẹni ti jókòó sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó bò ọ́ láṣìírí, Gbádé! Dúpẹ́, o ò dúpẹ́?"

Gbádé kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rántí ọjọ́ náà, ó sì ń rántí ohun tó sọ. Ẹ má yọ ọ̀kankan o, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ló wí. Kò sọ pé ẹ má pààrọ̀ àyè wọn. Ó ti rò pé ohun tó mọ́ òun lójú ti mọ́ gbogbo ayé lójú. Lẹ́yìn náà ló fi ìka ka orin ìyá rẹ̀, iye ló kà, kò gbọ́ ètò rẹ̀. Kò sì gbé e sórí ẹ̀rọ láti fi dán an wò nígbà tí wọ́lẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì wà láàyè, ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

"Ẹ̀bi mi ni, Màmá," ó ní. "Bí wọ́n ṣe tò wà lára kọ́kọ́rọ́ náà. Tí ẹ bá gbé eyín kọ́kọ́rọ́ kan síbi tí èkejì wà, kò ní ṣí ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí n sọ ọ́."

"Ó yẹ kí o sọ ọ́," ìyá náà ní, ó sì padà jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Tún un tẹ̀. Fi ọmọ-ọwọ́ rẹ síwájú."

Ó tún un tẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì ń wò ó. Ilẹ̀kùn. Iyọ̀. Ewúrẹ́. Odò. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, ó kọ ọmọ-ọwọ́, Ìyá Àrìnpé sì ṣe hẹ̀n ní inú imú, bí ẹni tó rí ọmọdé tó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Àlùbọ́sà. Ọjà. Ìgbálẹ̀. Àgbàlagbà. Fèrèsé. Ejò. Ṣíbí. Ó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì.

Ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn. Nígbà tó mọ́lẹ̀, kò kọ pé wọn kò tọ̀nà. Ó kọ pé ó ti ṣe tán. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀, kò yẹ̀.

Gbádé yí ojú ẹ̀rọ náà sí ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò lè kà á, ṣùgbọ́n ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì mi orí.

"Ṣé ó gbà á?"

"Ó gbà á, Màmá."

Ọmọ́yẹni dìde. Ó jáde lọ sí fàráńdà, ó tú okùn báàgì, ó sì gbé e gba àárín ilé lọ sí yàrá ìyá rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń ṣí dúrọ́ọ̀, tó ń kó aṣọ padà sínú rẹ̀. Ìyá Àrìnpé gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fà á le.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan láti ẹnu géètì. Taofeek ló ń nu gíláàsì mọ́tò, ó sì ń kọrin geere, pẹ̀lú ìlù lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì:

"Àlùbọ́sà, ọjà, ìgbálẹ̀, ọmọ-ọwọ́ àti fèrèsé..."

Gbádé fò dìde. "Taofeek!"

"Bọ̀dá mi!"

"Níbo lo ti gbọ́ orin yẹn?"

"Àbí lẹ́nu Màmá kọ́! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí nígbà tí mo dúró lẹ́bàá fèrèsé yín? Orin yìí dùn o. Ṣé ti ìsìn ìkórè ni? Ẹ jẹ́ n gbà á sínú fóònù fún ìyàwó mi, òun náà máa ń kọrin ní ilé-kéwú."

"Taofeek, jọ̀ọ́, dá orin yẹn dúró fún mi."

"Kí ló ṣe é? Ṣé èèwọ̀ ni?"

"Mo ní dá a dúró. Jókòó sínú mọ́tò, fi rédíò sí i."

Ìyá Àrìnpé fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń yọ láàárín ìka rẹ̀. Gbádé kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kó ṣe ti hàn sí i: ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò yẹ bá ti gbọ́, kò ní iyì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà kò mọ ohun tó ń gbọ́. Òótọ́ ni pé èyí tí Taofeek gbọ́ kò tò bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kò ní ìṣòro láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ méjì. Gbádé kò ní fi iṣẹ́ ọdún mẹ́ta dúró lórí ìyẹn.

Ó ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó mú wọ́lẹ́ẹ̀tì kejì jáde láti inú páálí. Méjì ló rà lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe nítorí àṣehàn, nítorí pé ó ti mọ̀ pé ọ̀kan kò tó. Ó tàn án. Ẹ̀rọ náà yan ọ̀rọ̀ méjìlá tuntun. A kò ní kọ wọ́n síhìn-ín. Gbádé yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn lè di méjì ní Yorùbá, ó ní kí ẹ̀rọ yan méjìlá mìíràn.

Nígbà tí Ọmọ́yẹni padà dé, ó kan ilẹ̀kùn. Gbádé ṣí i díẹ̀.

"Ẹ wọlé, Àǹtí mi. Ẹ jókòó ti Màmá. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kọ́ ọ."

"Èmi náà?"

"Orí kan kò tó. Mo ti rí i."

"Tí mo bá gbàgbé ńkọ́?"

"Ẹ ó máa wá síbí lóṣooṣù, Màmá á máa gbọ́ ọ lẹ́nu yín," Gbádé ní.

Ìyá Àrìnpé gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kì í ṣe lórí fóònù o. Ojúkojú. Tí o bá ṣì í, o ó bẹ̀rẹ̀ láti orí, bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn obìnrin akọrin mi."

Gbádé ka ìkíní fún wọn, ó ka ìkejì. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ tò ó bó ṣe kà á, láìṣí ẹsẹ̀ kan. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó dé ìdajì, Ìyá Àrìnpé fa ojú ro.

"Èyí náà ṣíwájú èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà, Màmá."

"Kò dáa."

"Kò dáa. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà pa ojú dé, ó mí, ó sì kà á bí wọ́n ṣe ní kó kà á. Ọmọ́yẹni tẹ̀lé e. Wọ́n kà á títí wọn kò fi nílò Gbádé mọ́. Nígbà náà ló pa wọ́lẹ́ẹ̀tì kejì náà, ó nu ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀rọ̀ náà látinú orí wọn, kí òun fi tún kọ́kọ́rọ́ náà rọ kó tó di pé owó kankan wọ ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pè é, Gbádé ń tẹ̀ ẹ́, Ọmọ́yẹni ń gbọ́ bóyá yóò ṣì í. Kò ṣì í. Ẹ̀rọ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó kù kí ó kó bítíkọ́ìnì láti inú wọ́lẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ sínú èyí. Ó fọwọ́ sí i lórí ẹ̀rọ kékeré náà, ó fi wáyà so ó mọ́ fóònù rẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ gbé ìfọwọ́sí náà jáde sáyé. Ó dúró títí ó fi rí i pé àkọsílẹ̀ ti gbà á, lẹ́yìn náà ó tún dúró díẹ̀ sí i, kó lè dá a lójú. Nígbà tó dá a lójú, ó yọ wáyà, ó ká a, ó so ó pẹ̀lú ráńbà. Ó fi wọ́lẹ́ẹ̀tì méjèèjì pamọ́ sínú yàrá rẹ̀, èyí tó ṣòfo àti èyí tó kún.

Ọmọ́yẹni jáde lọ bá Taofeek. "Máa lọ, Taofeek. Màmá ò lọ mọ́. Èmi náà ń sùn síbí lónìí."

"Ìyẹn ni pé ẹ gbé mi wá láti wá gbọ́ orin?"

"Ṣé o ò gbádùn ẹ̀ ni?"

"Mo gbádùn ẹ̀. Ẹ wá fún mi ní ilá gbígbẹ díẹ̀, kí n má bàa sọ pé òfo ni mo gbé padà sí Ìlọrin."

Ìyá Àrìnpé fúnra rẹ̀ ló bù ú fún un, ó sì jẹ́ kó kún ọ̀rá.

Gbádé wọ bàtà ọ́fíìsì. Àyè ìdajì ọjọ́ ni ọ̀gá rẹ̀ fún un, ìdajì náà sì ti ń lọ. Fáìlì owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀. Ó sá ilá tí kò tíì gbẹ sórí páànù ní ẹ̀yìn ilé bí wọ́n ṣe ní kó sá a, ó fọ ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Àjàní," ìyá náà ní, oríkì tó máa ń pè é tó bá wù ú, "ó dàbọ̀. Má pẹ́ dé."

"Mi ò ní pẹ́, Màmá. Àǹtí mi, ó dàbọ̀ o."

Ó jáde. Ó fa géètì dé, ó dúró sí etí títì, ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà tó ń bọ̀ láti apá ọjà.

"Gáréèjì Ìlémọ̀nà," ó ní, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì lọ.